Kì í Ṣe Májèlé Ló Pa Sójà

Ní òru ọjọ́ tí Sójà kú, bàbá ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ ilé mi ni mo nàka sí. Mo ní òun ló fún ajá mi ní májèlé jẹ. Mi ò rí i kó fún un ní nǹkan kan, ẹnikẹ́ni nínú ilé ò sì rí i. Ṣùgbọ́n ikùn ajá wú, ó le bí ìlù, itọ́ ń fà yọ̀ọ̀ lẹ́nu rẹ̀, ó ń fẹ́ bì, èébì ò jáde. Kílẹ̀ tó mọ́, ó ti gan. Mo ka owó oṣù bàbá náà fún un lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀, mo ní kó palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́. Ó wò mí títí, ó ní, "Ọ̀gá, Ọlọ́run rí wa." Ó gbé báàgì rẹ̀ kọ́ èjìká, ó bọ́ sí títì.

Ọdún 2014 nìyẹn. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá bi mí léèrè ikú Sójà, ìtàn májèlé yẹn ni mò ń sọ fún un, mo sì máa ń fi ata àti iyọ̀ sí i. Mo sọ ọ́ títí èmi alára fi gbà á gbọ́. Ẹ jẹ́ kí n wá sọ òótọ́ rẹ̀ wàyí: èmi ni mo pa ajá yẹn, ọdún márùn-ún gbáko ni mo sì fi pa á.

Ohun ìkọ́lé ni mò ń tà n'Ìbàdàn, Akóbọ̀ ni ilé mi wà. Lọ́dún 2008, àwọn adigunjalè wọ àdúgbò wa lẹ́ẹ̀mejì láàárín oṣù kan. Ọ̀rẹ́ mi kan l'Ékòó ní ajá ni mo nílò, pé kì í sì í ṣe ekuke tó ń jẹ àkìtàn kiri, Boerboel ni. Ó ní Gúúsù Áfíríkà ni ìran rẹ̀ ti wá, pé àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ ló ń fi í ṣọ́ oko lọ́wọ́ olè àti ẹranko búburú. Ó wú mi lórí. Kò sọ sí mi lọ́kàn láti bi ara mi pé, ajá tí iṣẹ́ ìran rẹ̀ jẹ́ kó máa rin oko já, kí ni yóò máa ṣe nínú ọgbà tí gbogbo ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ íńtálọ́ọ̀kì.

Wẹ́dà kan bá mi jó kéèjì kan, ẹsẹ̀ bàtà 8 lóròó, 6 níbùú, a da kọnkéré sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Láago mọ́kànlá alẹ́ la ń ṣí i fún Sójà, láago márùn-ún ìdájí ó ti padà wọlé. Wákàtí 18 lójúmọ́ ló ń lò níbẹ̀. Gbogbo ẹni tó ń sin ajá ládùúgbò ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ajá tí ojú rẹ̀ bá ń rí èèyàn kì í rorò mọ́. Ìdí kan tún wà tí n kò sọ fún ìyàwó mi pàápàá. Nígbà tí ajá náà fi máa pé ọdún méjì, ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí. Bàbá ọlọ́dẹ nìkan ló lè fi ṣéènì sí i lọ́rùn. Èmi tí mo fowó rà á, láti ẹ̀yìn irin ni mo ti ń kí i.

Ṣùgbọ́n oúnjẹ ńkọ́? Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀. Abọ́ tí a fi ń wẹ ìkókó ni abọ́ Sójà. Ẹ̀bà tàbí ìrẹsì, orí ẹja, ẹsẹ̀ adìẹ, ọ̀rá ẹran tí alápatà bá gé dànù, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, láago mẹ́wàá ààbọ̀ alẹ́. Nígbà tó pé ọdún mẹ́ta, mo gbé òṣùwọ̀n tí mo fi ń wọn ìṣó wálé, bàbá ọlọ́dẹ bá mi fà á gùn ún. Kílò 83. Mo ya fọ́tò òṣùwọ̀n náà, mo fi han gbogbo ọjà. Àlejò tó bá wọlé a ní, "Alàgbà, kìnnìún lẹ̀ ń sìn!" Orí mi a wú.

Àwọn àmì wà nílẹ̀, mi ò kà wọ́n sí. Ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ méjèèjì pá, awọ ibẹ̀ le, ó sán bíi gìgísẹ̀ àgbẹ̀, nítorí kọnkéré tó ń sùn lé. Èékánná rẹ̀ gùn débi pé bó bá ń rìn lórí táìsì, "kẹ, kẹ, kẹ" ni à ń gbọ́ láti inú yàrá, torí kò rí ilẹ̀ fi họ wọ́n. Bó bá fẹ́ dìde, ẹsẹ̀ iwájú á kọ́kọ́ gúnlẹ̀, á wá máa wọ́ ìdí tọ̀ ọ́ bí ẹni ń fa àpò símẹ́ǹtì. Bó bá sì fẹ́ yára, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ méjèèjì ló ń fò pọ̀ bíi ti ehoro. Bó bá yí ilé po lẹ́ẹ̀kan, á dùbúlẹ̀ síwájú ilẹ̀kùn, á máa mí hẹlẹhẹlẹ. Mo ní ìwà àgbà ni, pé ajá ńlá kì í ṣe wótòwótò. Dókítà ẹran tó wá fún un lábẹ́rẹ́ dìgbòlugi nígbà kan ní kí n dín oúnjẹ rẹ̀ kù, kí n sì máa jẹ́ kó sáré. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ṣebí owó iṣẹ́ ló ń wá.

Mo rántí pé mo bá bọ́ọ̀lù ọmọdé kan nínú kéèjì lọ́jọ́ kan, ó ti bẹ́, eyín ajá ti dá a lu. Mo rò pé àwọn ọmọ ìta ló jù ú kọjá ògiri. Mo sọ ọ́ nù.

Lọ́jọ́ tó máa kú, a ṣe ìsọmọlórúkọ nílé wa. Oúnjẹ ṣẹ́kù rẹpẹtẹ, mo ní kí Sójà náà jẹ nínú ayẹyẹ. Abọ́ náà kún dé etí, mo tún ní kí wọ́n bù sí i. Kò ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ lẹ́yìn tí a ṣílẹ̀kùn fún un, ológbò kan bẹ́ sínú ọgbà. Sójà tí kò sáré láti bí oṣù mélòó kan gbá tẹ̀lé e, ó yí ilé po lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tó yá, ó dúró sójú kan, ó ba ẹ̀yìn, ó ń bojú wo ìhà ara rẹ̀ bí ẹni pé ẹnìkan gún un níbẹ̀. A rọ epo pupa sí i lẹ́nu. Èyí tó kù, ẹ ti gbọ́ ọ.

Ọdún kan kọjá. Mo tún fẹ́ ra ajá, wọ́n júwe obìnrin dókítà ẹran kan fún mi. Ọmọdé ni lójú tèmi, kò lè ju ọmọ ọgbọ̀n ọdún lọ. Ó ní kí n sọ ìtàn ajá tí mo ti sìn tẹ́lẹ̀. Mo sọ ti májèlé, mo ń retí kó bá mi kẹ́dùn. Dípò ìyẹn, ìbéèrè ló ń bi mí. Ẹ̀ẹ̀melòó ló ń jẹun lójúmọ́? Ṣé ó fẹ́ bì tí nǹkan kan ò jáde? Ṣé ikùn rẹ̀ ń dún bí ìlù tẹ́ ẹ bá fọwọ́ gbá a? Kí ló ṣe lẹ́yìn tó jẹun tán?

Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Sà, mi ò sí níbẹ̀, mi ò lè búra. Àmọ́ ohun tẹ́ ẹ sọ yìí ò jọ májèlé." Ó ṣàlàyé pé ajá ńlá tí àyà rẹ̀ jìn, àpòlúkù rẹ̀ lè kún fún afẹ́fẹ́ kó sì yí po bí aṣọ tí wọ́n ń fún. Ọ̀nà òkè á dí, ti ìsàlẹ̀ á dí, ẹ̀jẹ̀ ò ní ráyè kọjá. Bí wọn ò bá tètè gbé irú ajá bẹ́ẹ̀ lọ fún iṣẹ́ abẹ láàárín wákàtí díẹ̀, ó tán. Ó ní oúnjẹ ńlá ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ máa ń dá kún ewu rẹ̀, ká má tiẹ̀ tíì máa sọ ti eré àsápajúdé lórí ikùn tó kún bẹ́ẹ̀.

Mo ṣì ń wá ọ̀rọ̀ sọ nígbà tó bi mí nípa kéèjì, nípa kílò, nípa bó ṣe ń dìde. Mo sọ ọ́. Ó fa bébà, ó ya egungun itan, orí rẹ̀ róbótó, ó wá ya ihò tó jókòó sí ní ìbàdí. Ó ní nínú irú àwọn ajá ńlá báyìí, orí egungun yẹn kì í bá ihò rẹ̀ mu dáadáa nígbà mìíràn. Ó máa ń wà nínú ìran wọn. Ẹran itan àti ti ìdí ló ń dì í mú kó má yẹ̀. Ajá tí kò bá sáré, ẹran yẹn á gbẹ. Bí ẹran bá wá gbẹ tí ọ̀rá pọ̀, egungun á máa gbo egungun, ara ibẹ̀ á wú, yóò máa dun ajá náà, kò ní fẹ́ rìn mọ́, ọ̀rá á tún pọ̀ sí i. "Ká ní àpòlúkù rẹ̀ ò tiẹ̀ yí, sà, ìbàdí yẹn ò lè gbé e dàgbà."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo lọ jókòó sínú ọkọ̀. Mi ò lè tan mọ́tò fún ìgbà pípẹ́. Bàbá ọlọ́dẹ ni mò ń rò.

Dókítà yẹn ló bá mi wá Tanímọ̀la, Alsatian abo tí ìyá àti bàbá rẹ̀ ní ìbàdí tó dá ṣáṣá. Àwọn tó sin ìyá rẹ̀ ń jẹ́ kí àwọn ọmọ ajá ṣeré lórí koríko láti ìgbà tí ojú wọn ti là. Jámánì ni ìran Alsatian ti ṣẹ̀, ajá darandaran tó ń kó àgùntàn já pápá láti òwúrọ̀ dalẹ́ ni. Lọ́tẹ̀ yìí, mo fetí sílẹ̀. Dókítà ní kí n má jẹ́ kó gun àtẹ̀gùn nígbà tó ṣì kéré, kó má máa yọ̀ lórí táìsì, kí n má fi okùn fà á rìn lọ sí ọ̀nà jíjìn, kí n má sì so ó mọ́ ọ̀kadà bí mo ṣe ń rí i tí àwọn ọ̀dọ́kùnrin kan ń ṣe. Egungun ajá ńlá ṣì ń dàgbà di bí ọdún kan ààbọ̀. Ẹ jẹ́ kó sáré fúnra rẹ̀, lórí ilẹ̀ rírọ̀, kó dúró nígbà tó bá wù ú. Ó sọ ti ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Norway, tó jáde lọ́dún 2012, lórí àwọn ajá ńlá bíi Newfoundland, Leonberger, Labrador àti Irish Wolfhound. Àwọn ọmọ ajá tó ṣeré láìsí okùn lọ́rùn lórí ilẹ̀ rírọ̀ tó gbún díẹ̀, láàárín oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ wọn, kò fi bẹ́ẹ̀ ní àìsàn ìbàdí yẹn bí àwọn yòókù. Àwọn tó ń gun àtẹ̀gùn lásìkò yẹn, tiwọn pọ̀ sí i.

Mo ní, "Dókítà, Norway? Níbi tí yìnyín wà?"

Ó ní, "Sà, ilẹ̀ rírọ̀ náà ni ilẹ̀ rírọ̀."

Mo pe àwọn òṣìṣẹ́, a hú íńtálọ́ọ̀kì ẹ̀yìn ilé, a gbin koríko. Ìyàwó mi wò mí láti ojú fèrèsé. "Bàbá Dámiláre, íńtálọ́ọ̀kì tẹ́ ẹ fi odindi owó ọjà kan ṣe?" Mi ò dáhùn. Nígbà tí wọ́n gún Tanímọ̀la lábẹ́rẹ́ tán, tó sì dàgbà díẹ̀, mo lọ bá ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan nítòsí wa. Pápá wọn ní ògiri yí ká, ó ní géètì. Màmá náà gbà, àmọ́ kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ni o, kí n ti géètì mọ́ ara wa, kí n sì kó gbogbo ìgbẹ́ ajá kúrò kí ọmọ kankan tó dé. Báyìí ni èmi tí àwọn ọmọọṣẹ́ mi ń dọ̀bálẹ̀ fún ṣe di ẹni tó ń mú ṣọ́bìrì kékeré àti náílọ́ọ̀nù kiri inú ìrì láago mẹ́fà ìdájí.

Mi ò lè tú u sílẹ̀ lójijì. Wọ́n ní ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ; oṣù mẹ́fà ni mo fi kọ́ ọ ní fèrè, okùn gígùn lọ́rùn rẹ̀, ẹ̀dọ̀ adìẹ sísè lápò ṣòkòtò mi. Gbogbo ṣòkòtò mi ló ń rùn. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ já okùn, àyà mi ń já. Ó dúró, ó wò mí, bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá mo mọ ohun tí mò ń ṣe. Ó wá rọra bẹ̀rẹ̀, imú nílẹ̀, ó tọ ẹsẹ̀ ògiri lọ. Lẹ́yìn náà ló ká ara rẹ̀ kò, ó nà tán, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kúrò nílẹ̀, ó yípo igi máńgòrò tó wà ní kọ̀rọ̀, koríko ń ta sókè lẹ́yìn rẹ̀. Kò sí "kẹ, kẹ, kẹ." Ohun tí mò ń gbọ́ ni pẹ̀pẹ̀pẹ̀ àtẹ́lẹsẹ̀ lórí ilẹ̀ tútù, àti èémí rẹ̀ nígbà tó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó sáré, ó dúró, ó gbóòórùn, ó dùbúlẹ̀ sínú ìrì, ó dìde, ó tún gbá a. Bí mo bá fi okùn mú un ni, ẹsẹ̀ tèmi ni ìbá máa bá rìn, ẹsẹ̀ ẹni ọgọ́ta ọdún tí orúnkún ń dùn.

Dókítà tún kọ́ mi láti máa fọwọ́ wọn ajá. Ẹ tẹ́ ọwọ́ yín sílẹ̀, ẹ fi ìka ọwọ́ kejì ra ẹ̀yìn rẹ̀: bí ìhà ajá ṣe yẹ kó rí lábẹ́ ọwọ́ nìyẹn. Bó bá dà bí àtẹ́lẹwọ́, ó ti sanra jù. Bó bá dà bíi kókó ìkúùkù, ebi ń pa á. Ti Sójà, bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́ nínú mátírẹ́ẹ̀sì ni. Eré nìkan kò sì tó, oúnjẹ náà gbọ́dọ̀ níwọ̀n. Wọ́n ti ṣèwádìí rẹ̀ l'Amẹ́ríkà, èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 2002: ajá Labrador 48, méjìméjì, wọ́n ń dín oúnjẹ ọ̀kan kù ní ìdá kan nínú mẹ́rin sí ti ìkejì rẹ̀ láti kékeré. Àwọn tí wọ́n dín tiwọn kù fi bí ọdún méjì pẹ́ láyé ju àwọn yòókù lọ, oríkèé wọn kò sì tètè bàjẹ́. Ọdún méjì nínú ọjọ́ ayé ajá! Bàbá mi àgbà ṣọdẹ n'Ígbò-Ọrà, èèyàn lè ka ìhà àwọn ajá rẹ̀ lókèèrè, mo sì máa ń fi wọ́n ṣẹ̀sín. Mi ò ní parọ́ o, àwọn ajá yẹn náà kì í pẹ́. Ejò, aràn àti eégbọn ń pa wọ́n. Àmọ́ mi ò rí ọ̀kan rí tí kò lè dìde.

Mo ti ṣe àṣìṣe pẹ̀lú Tanímọ̀la náà. Oṣù Ẹrẹ́nà kan, mo pẹ́ sùn, láago mọ́kànlá òwúrọ̀ ni mo tó gbé e dé pápá. Ajá kì í làágùn bíi tiwa, ẹnu ló fi ń tu ara. Àtẹ́lẹsẹ̀ nìkan ló ti ń làágùn díẹ̀. Kò pẹ́ tó fi wó lulẹ̀, ahọ́n rẹ̀ pọ́n dòdò, ó gùn jáde bí ẹni pé kì í ṣe tirẹ̀. Omi tí mo rí níbi ẹ̀rọ ilé ẹ̀kọ́ ni mo ń dà sí i nítan àti níkùn títí tó fi gbórí sókè. Nígbà mìíràn, mo rìnrìn-àjò ọ̀sẹ̀ méjì, ọmọọṣẹ́ mi kàn so ó mọ́lẹ̀ ni. Lọ́jọ́ tí mo dé, mo tú u kó fi eré náà san gbèsè. Ọjọ́ mẹ́rin ló fi tiro. Dókítà bínú gan-an lọ́jọ́ yẹn. Ó ní ìdajì wákàtí lójoojúmọ́ sàn ju wákàtí mẹ́ta Sátidé lọ, pé ara tó ti tutù ni eré òjijì ń já.

Tanímọ̀la ti pé ọdún mẹ́wàá báyìí, kílò 30. Irun ẹnu rẹ̀ ti funfun. Lásìkò ọyẹ́, ó máa ń tiro díẹ̀ kí ara rẹ̀ tó móoru. Kò yípo máńgòrò bí ti tẹ́lẹ̀ mọ́, ó ń sáré kúṣẹ́kúṣẹ́, ó ń dúró gbóòórùn jù. Àmọ́ ẹ̀ẹ̀kan ló ń dìde. Sójà ń gbó afẹ́fẹ́ láti àárọ̀ dalẹ́. Èyí ń sùn lọ́sàn-án, bó bá sì gbó lóru, mo mọ̀ pé nǹkan wà níta.

Ó wá ku èmi àti bàbá ọlọ́dẹ. Ó tó oṣù méjì tí mo fi wá a, kí ẹnìkan tó sọ fún mi pé ó ń ṣọ́ ilé ìkẹ́rùsí kan ní Mọ́níyà. Mo bá a níbi tó ti ń ṣa gúgúrú jẹ lórí bẹ́ǹṣì. Mo dọ̀bálẹ̀. Ó fò dìde, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ dákun, ẹ dìde, àwọn èèyàn ń wò wá." Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, àpòlúkù, kéèjì, abọ́ ìkókó. Kò dá mi lóhùn fún ìgbà díẹ̀.

Ó wá ní, "Bẹ́ ẹ bá ti lọ sọ́jà, mo máa ń tú u sí ẹ̀yìnkùlé. Mo ra bọ́ọ̀lù kan fún un. Ó máa ń sáré lé e díẹ̀ nígbà náà. Ọjọ́ tí mi ò rí bọ́ọ̀lù náà mọ́, mo ní ẹ ti mọ̀ nìyẹn, ẹ fẹ́ lé mi. N kò tú u mọ́."

Mo ní bọ́ọ̀lù yẹn, èmi ni mo sọ ọ́ nù.

Lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀lé e, ó wá sí pápá. Ó mú bọ́ọ̀lù aláwọ̀ ewé tuntun kan dání nínú náílọ́ọ̀nù. Tanímọ̀la gbóòórùn ọwọ́ rẹ̀ títí, ó wá fara ti itan rẹ̀. Mo fi okùn lé e lọ́wọ́. Ó di okùn náà mú gírígírí, ó ń wo géètì, ó ń wo mí.

"Ọ̀gá, ṣé kí n tú u?"

"Ẹ tú u, Bàbá."